Ìwé Ìdáríjì Tí Bàbá Kan Buwọ́ Lù

Ọkùnrin kan wà ní ìlú tí mo ti ṣe akọ̀wé kóòtù fún ọdún mọ́kàndínlógún. Wolé-wolé ni kó tó fẹ̀yìn tì. Ẹ̀yin náà á rántí bí àwọn wolé-wolé ṣe ń ṣe nígbà náà. Wọn á wọ inú ilé, wọn á ṣí ìkòkò omi, wọn á bojú wò ó. Bí wọ́n bá rí tanwíjí nínú rẹ̀, onílé ti rí kóòtù nìyẹn. Ọkùnrin yìí kì í gba ẹ̀bẹ̀. Àwọn ìyá àgbà a máa kúnlẹ̀ fún un, kò ní wo ibi tí wọ́n wà. Ó ní ẹni tí ó bá gbójú fo tanwíjí nínú ilé kan ló pa ọmọ tí ibà bá pa nínú ilé kejì. Wọ́n bẹ̀rù rẹ̀, wọ́n sì bọ̀wọ̀ fún un.

Ọmọbìnrin kan ṣoṣo ló bí. Ìbídùn ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú, bàbá rẹ̀ ló sì dá tọ́ ọ dàgbà. Iṣẹ́ télọ̀ ni ọmọ náà kọ́. Ó mọ̀ ọ́n ṣe débi pé àwọn obìnrin a máa wá láti ìlú mìíràn kí ó lè bá wọn rán aṣọ ìgbéyàwó.

Nígbà tí ó tó ilé ọkọ lọ, ó fẹ́ ọkùnrin kan tó ń ta pákó. Bàbá fẹ́ràn àna rẹ̀ yìí gan-an. Kò sí ìgbà tí ọmọkùnrin náà rí i tí kò ní dọ̀bálẹ̀ gbalaja, tí àyà rẹ̀ kò ní kan ilẹ̀. Nígbà tí ìjì ṣí òrùlé bàbá, àna yìí ló gun òkè àjà fúnra rẹ̀, ó to pákó, ó kan páànù, kò sì jẹ́ kí bàbá ìyàwó òun pe kápẹ́ńtà. Bàbá kò bí ọmọkùnrin. Nígbà tó yá, kò pe ọkùnrin náà ní àna mọ́. Ọmọ mi ló ń pè é.

Ní ọdún kẹta ìgbéyàwó wọn, ọkọ yìí mú ègé pákó, ó fi lu ìyàwó rẹ̀. Ohun tó fà á kò ju pé obìnrin náà pẹ́ lọ́dọ̀ oníbàárà kan tó lọ wọn aṣọ fún. Ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́. Ìbídùn kò sunkún lọ sílé bàbá rẹ̀. Ó fi ọwọ́ òsì gbé ọ̀tún mọ́ àyà, ó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí òun tó lọ sí ilé ìwòsàn. Ẹnikẹ́ni kò rán an. Òun fúnra rẹ̀ ló rò ó tí ó sì ṣe é.

Àwọn ọlọ́pàá mú ọkọ náà. Wọ́n gbé e wá sí kóòtù wa, wọ́n fi ẹ̀sùn ìlùkulù àti ìṣeniléṣe kàn án. Ó ní òun kò jẹ̀bi. Adájọ́ ní wọ́n lè gba bẹ́ẹ̀lì rẹ̀ bí ó bá rí onídùúró kan tó ní ilé nínú ìlú. Mo jókòó sídìí tábìlì mi, mo ń retí ẹ̀gbọ́n tàbí bàbá olùjẹ́jọ́. Bàbá Ìbídùn ló wọlé.

Mo bi í nígbà tó ń buwọ́ lu ìwé onídùúró bóyá ó mọ ohun tí ó ń ṣe.

Ó ní, "Akọ̀wé, ọ̀rọ̀ ilé mi ni. N kò lè jẹ́ kí ọmọ mi sùn ní àtìmọ́lé."

N kò bi í pé ọmọ wo.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ẹ̀bẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Àwọn ẹbí ọkọ wá bá Ìbídùn, àwọn ará ìjọ wá, ìyàwó pásítọ̀ wá lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní obìnrin tó bá kó ọkọ rẹ̀ lọ sí kóòtù ti pa ilé ara rẹ̀ run. Obìnrin náà á gbé ìjókòó fún wọn, á gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn tán, kò sì ní dáhùn. Nígbà tó rẹ̀ wọ́n, wọ́n kó ẹ̀bẹ̀ náà lọ sọ́dọ̀ bàbá rẹ̀. Ọkùnrin tí kò gba ẹ̀bẹ̀ ẹnikẹ́ni rí lórí ìkòkò omi gba ẹ̀bẹ̀ yìí ní ìjókòó kan ṣoṣo.

Ó ránṣẹ́ pe ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Ìbídùn, o ti jẹ́ kó mọ̀ pé o kì í ṣe ẹni tí ènìyàn ń fi ojú di. Ó tó bẹ́ẹ̀."

Ọmọ náà ní, "Bàbá, adájọ́ kò tíì gbọ́ ẹjọ́ mi."

"Kí ni adájọ́ fẹ́ gbọ́? Ṣé adájọ́ ni yóò bá ọ gbé nínú ilé? Ọkọ rẹ ti bẹ̀ mí."

"Kò tíì bẹ̀ mí."

"Ó bẹ̀ mí. Ó ti bẹ̀ ọ́ nìyẹn."

Ìbídùn fẹnu ara rẹ̀ sọ èyí fún mi lẹ́yìn náà. Ó ní òun rò pé bàbá òun á wo ọwọ́ òun. Wọ́n ti dì í láti orí ìka títí dé ìgúnpá, kò sì ṣeé gbé pamọ́. Ó ní ojú òun nìkan ni bàbá ń wò títí tó fi sọ̀rọ̀ tán.

Èmi ni mo kọ ìwé ìdáríjì náà. Bàbá wá bá mi nígbà tí ìjókòó kóòtù parí, ó ní mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ irú rẹ̀. Òótọ́ ni. Mo ti kọ ọ̀pọ̀ ṣáájú tirẹ̀. Ọ̀rọ̀ inú wọn kì í yí padà. "Èmi tí mo mú ẹjọ́ yìí wá ti dárí ji olùjẹ́jọ́. A ti parí ọ̀rọ̀ náà nílé. N kò ní ẹ̀rí kankan láti jẹ́ mọ́, ẹnikẹ́ni kò sì fi ipá mú mi." Mo fi àyè sílẹ̀ fún ìbuwọ́lù olùpẹjọ́, mo sì fi àyè mìíràn sílẹ̀ nísàlẹ̀ fún ẹlẹ́rìí. Bàbá kọ orúkọ tirẹ̀ sí àyè ẹlẹ́rìí lójú ẹsẹ̀, kí ọmọ rẹ̀ tó rí ìwé náà rárá.

Nígbà tí ọjọ́ ìgbẹ́jọ́ pé, ẹjọ́ mìíràn ṣáájú tiwọn. Alábàárù kan ló fi àpótí ìjókòó la orí ẹni tí wọ́n jọ ń gbé ilé. Wọ́n ń jà lórí ibi tí wọ́n máa sá aṣọ sí. Ọkùnrin náà ní òun jẹ̀bi. Adájọ́ bi í bóyá ó ní agbẹjọ́rò. Ó ní rárá. Ó bi í bóyá ẹnì kan bá a wá. Alábàárù wo ẹ̀yìn, ó wo gbogbo bẹ́ǹṣì, ó ní rárá. Ẹni tí ó lù jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú báńdéèjì lórí, kò sì sí ẹni tó wá bẹ̀ ẹ́. Adájọ́ rán alábàárù lọ sí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta, kò fún un ní àyè ìtanràn.

Bí wọ́n ṣe ń mú un lọ, ó yíjú sí mi, bóyá nítorí pé èmi ni mo sún mọ́ ọn jù. Ó ní, "Ọ̀gá, ṣé nítorí pé mo jẹ̀bi ni, àbí nítorí pé n kò ní ẹnì kan?"

Ọlọ́pàá ní kó máa rìn. Bàbá ń wo ẹ̀yìn alábàárù náà láti orí bẹ́ǹṣì rẹ̀. Ó ń rò ó pé ó lè jẹ́ àna òun ni wọ́n ń mú lọ yẹn.

Wọ́n pe ẹjọ́ tiwọn. Obìnrin ni adájọ́ ìgbà náà, kì í kánjú. Ó ka ìwé tí mo kọ, ó kà á lẹ́ẹ̀kejì, ó wá pe Ìbídùn síwájú.

Ó ní, "Ṣé ìwọ lo buwọ́ lù ú?"

"Èmi ni, mà."

"Ìkọ̀wé yìí ń gbọ̀n. Ṣé ọwọ́ òsì lo fi ń kọ̀wé?"

"Rárá, mà. Ọwọ́ ọ̀tún ni."

"Kí ló ṣe ọ̀tún?"

Gbogbo wa ló ń rí ọwọ́ náà nínú ohun tí wọ́n fi dì í. Ìbídùn kò dáhùn.

Adájọ́ ní, "Ṣé ẹnì kan fi ipá mú ọ kọ ìwé yìí?"

Ìbídùn yíjú wo bàbá rẹ̀. Ìyẹn mi orí sí i díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń rán ọmọdé létí pé kó kí àlejò. Ó yíjú padà, ó ní, "Ẹnikẹ́ni kò fi ipá mú mi."

Adájọ́ wo agbẹjọ́rò ọlọ́pàá. Ìyẹn kó fáìlì bí ogún mọ́ra, ó ní bí olùpẹjọ́ kò bá ní jẹ́rìí, òun kò ní ẹlẹ́rìí mìíràn. Adájọ́ ní kí ọkọ buwọ́ lu ìwé pé òun kò ní fọwọ́ kan ìyàwó òun mọ́. Ó kìlọ̀ fún un pé bó bá tún padà wá síwájú òun, òun kò ní gbàgbé ojú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fagi lé ẹjọ́ náà. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Níta, ọkọ dọ̀bálẹ̀ lórí yanrìn. Bàbá ìyàwó rẹ̀ ló dọ̀bálẹ̀ fún. Bàbá fà á dìde, ó gbọn yanrìn kúrò ní àyà rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìbídùn dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ó ń dúró kí wọ́n ṣe tán.

Egungun ọwọ́ náà kò jinná dáadáa. Ó ń rán aṣọ, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò yá bíi ti tẹ́lẹ̀, àwọn tó ń wá láti ìlú mìíràn sì dẹ́kun wíwá. Ọdún kan àti oṣù mẹ́rin kọjá. Ní ọjọ́ kan ó jókòó nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ọkọ rẹ̀ pè é láti ibi tí ó ti ń to pákó lẹ́yìn ilé. Ariwo ẹ̀rọ kò jẹ́ kó gbọ́. Ọkọ wọlé, ó ní ó ń dágunlá sí òun, ó sì gbá a létí. Ó gbá a títí ó fi ṣubú láti orí àga. Dókítà ní etí òsì rẹ̀ kò ní gbọ́rọ̀ mọ́.

Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá fúnra rẹ̀ ló lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ó lọ bí ó ṣe máa ń lọ nígbà tó wà lẹ́nu iṣẹ́, ó wọ ṣòkòtò kákí rẹ̀, ó di bẹ́líìtì. Ó ní òfin ni yóò mú ọkùnrin yìí. Àwọn ẹbí ọkọ tún wá bẹ̀bẹ̀, ó lé wọn jáde. Ìbídùn ní òun á jẹ́rìí. Mo rí bàbá ní ọ́fíìsì mi lọ́sẹ̀ náà, inú rẹ̀ sì ń dùn lọ́nà kan tó bà mí lọ́kàn jẹ́. Ó ní, "Akọ̀wé, ẹ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ẹlẹ́ẹ̀kejì rẹ̀ nìyí."

Ṣùgbọ́n wọ́n ti gbé adájọ́ tó ní òun kò ní gbàgbé lọ sí ìlú mìíràn. Ọkùnrin ni ẹni tó wá rọ́pò rẹ̀, kò sì mọ ẹnì kankan nínú wọn rí. Agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ gbọ́n. Ó ní oníbàárà òun jẹ̀bi, òun kò fẹ́ fi àkókò kóòtù ṣòfò. Nítorí náà kò sí ẹ̀rí tí Ìbídùn ní láti jẹ́. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀bẹ̀ fún àánú. Ó ní ọkùnrin náà kábàámọ̀, àwọn òṣìṣẹ́ mẹ́fà ló ń jẹun lábẹ́ rẹ̀, kò sì ṣẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Adájọ́ bi agbẹjọ́rò ọlọ́pàá pé, "Ṣé kóòtù kankan ti dá a lẹ́bi rí?"

Ìyẹn yẹ fáìlì wò, ó ní, "Kò sí, Olúwa mi."

Bàbá dìde láàárín èrò. Ó ní, "Ó wà."

Adájọ́ gbójú sókè. "Ta ni ẹ̀yin?"

"Èmi ni bàbá obìnrin náà. Ọkùnrin yìí ti ṣẹ́ ẹ lọ́wọ́ rí. Kóòtù yìí náà ni wọ́n gbé e wá. Ẹ bi akọ̀wé."

Adájọ́ ní kí n lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo lọ sí yàrá ẹ̀yìn. N kò ní láti wá fáìlì náà pẹ́, mo mọ ibi tó wà. Mo gbé e wá, mo gbé e síwájú adájọ́, mo sì padà sídìí tábìlì mi. Ó ṣí i, ó kà á jẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ó ka ìwé tí mo kọ sókè, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí gbogbo ènìyàn lè gbọ́. Ó kan ìsàlẹ̀, ó gbójú wo bàbá.

Ó ní, "Bàbá, orúkọ ẹlẹ́rìí tó wà níbí yìí, ṣé tiyín ni?"

"Tèmi ni."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ ọ́?"

"Èmi ni mo kọ ọ́."

Adájọ́ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Mo bá a ṣiṣẹ́, mo mọ̀ ọ́n. Kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Bàbá, ẹnikẹ́ni kò dá ọkùnrin yìí lẹ́bi nínú ẹjọ́ yẹn. Wọ́n fagi lé e ni. Lójú òfin, òní ni ó kọ́kọ́ ṣẹ̀. Ìwé tiyín ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jókòó."

Bàbá jókòó. Adájọ́ ka ìdájọ́ rẹ̀. Ó ní nítorí pé olùjẹ́jọ́ kò fi àkókò kóòtù ṣòfò, àti nítorí pé ó jẹ́ ìgbà àkọ́kọ́ rẹ̀, kí ó ṣe ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta tàbí kí ó san owó ìtanràn. Oṣù mẹ́ta kan náà tí alábàárù gbà ni. Ṣùgbọ́n ti alábàárù kò ní ilẹ̀kùn tí owó lè ṣí. Kó tó di ọ̀sán, àwọn ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà ti sanwó, ó ti wà nílé.

Mo jáde láti ti fèrèsé, mo rí bàbá àti ọmọ níta. Ìbídùn dúró, ó kọjú sí ọ̀nà. Bàbá rìn bá a, ó dúró ní ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀. Ó ní, "Ìbídùn, èmi ni mo ṣe é. Dárí jì mí." Mo gbọ́ ọ kedere láti ibi tí mo wà. Ọmọ náà kò gbọ́. Ó ń wo ọ̀nà, ó ń dúró de ọ̀kadà. Nígbà tó yíjú tó rí bàbá rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó bi í pé, "Ṣé ẹ sọ nǹkan ni?" Bàbá ní rárá. Ó ti lo gbogbo agbára rẹ̀ tán lórí èyí tó kọ́kọ́ sọ.

Ìbídùn kó lọ sí ìlú àwọn ìyá rẹ̀. Mo gbọ́ pé etí aṣọ ló ń ká níbẹ̀, pé kò gba iṣẹ́ ńlá mọ́. Kò bá bàbá rẹ̀ jà, kò sì wá kí i.

Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í wá sí ọ́fíìsì mi. Gbogbo ọjọ́ Ajé ni yóò wá, yóò jókòó, yóò ní kí n bá òun yọ ìwé yẹn kúrò nínú fáìlì. Mo ní kò ṣeé ṣe, ohun tó bá ti wọ fáìlì kóòtù kì í jáde mọ́. Yóò ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ òmíràn, kí ẹ fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀." Mo ní ẹjọ́ ti parí, kò sí ibi tí a lè fi í sí. Yóò gbọ́, yóò dìde, yóò lọ. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, yóò tún béèrè ohun kan náà bí ẹni tí kò béèrè rí. Ó ṣe é fún nǹkan bí ọdún méjì. Lẹ́yìn náà ó kú. N kò sunkún níbi ìsìnkú rẹ̀, mo kàn jókòó síbẹ̀ bí ẹni tó jẹ gbèsè.

Bàbá Adéwùsì, ẹ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ ọmọ yín tó wà ní ilé ìwòsàn lẹ bá wá, àti ti ọkọ rẹ̀ tó lù ú débi tí eyín rẹ̀ fi kán, tí wọ́n ní yóò fojú ba kóòtù ní Ọjọ́bọ̀. Ẹ ní ọkùnrin náà ní ìwà, pé inú ló bí i. Ẹ ní kí n bá yín kọ ìwé, nítorí pé mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́. N kò ní kọ ọ́.

N kò sọ pé ìdáríjì kò dára. N kò sì sọ pé gbogbo ìjà ló gbọ́dọ̀ dé iwájú adájọ́. Bí aládùúgbò méjì bá na ara wọn nítorí gọ́tà, ẹ jẹ́ kí wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Mo sì ti rí i tó pé kóòtù kì í ṣe ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń gba ohun tó tọ́ sí i. Alábàárù yẹn béèrè ìbéèrè kan lọ́wọ́ mi, mo sì ti fẹ̀yìn tì láìrí ìdáhùn fún un. Ṣùgbọ́n àánú tí ẹ fẹ́ ṣe yìí, ara ọmọ yín lẹ ti fẹ́ mú un. Eyín tó kán kì í ṣe tiyín. Ilé tí yóò padà sí kì í ṣe tiyín. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá sì fi orúkọ yín tì lẹ́yìn lónìí ni wọn yóò kà sí yín létí lọ́jọ́ mìíràn, nígbà tí ẹ bá ń wá òfin.

Ẹ gba ilé ìwòsàn lọ láti ibí. Ẹ má mú pásítọ̀ dání, ẹ má mú ẹbí ọkọ dání. Ẹ wo ojú ibi tó ti fara pa dáadáa kí ẹ tó la ẹnu. Lẹ́yìn náà, kí ẹ bi í pé kí ni ó fẹ́. Bí ó bá dákẹ́, ẹ má bá a dáhùn. Ẹ dúró.